Ayé ń pòòyì, ayé ń yí oòrùn ká: àlàyé ìlò fún àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ayé àti òfurufú

Ẹ̀kọ́ nípa ayé àti òfurufú tí a ń kọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá kò kún fún ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀sán àti òru, oṣù àti ọdún, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn: Yorùbá ti sọ gbogbo wọn lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọ̀rọ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí olùtumọ̀ bá kàn fi í rọ́pò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìyẹ̀ ẹ́ wò, gbólóhùn rẹ̀ lè dùn létí, kí ó sì kọ́ ọmọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀rí márùn-ún ni a yẹ̀ wò nísàlẹ̀ yìí.

1. Ayé, ilẹ̀, erùpẹ̀

Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘earth’, fún ohun mẹ́ta tí Yorùbá yà sọ́tọ̀. Ayé ni odindi ibùgbé wa tí ó rí roboto. Ilẹ̀ ni ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tí a ń dáko tí a sì ń kọ́lé sí. Erùpẹ̀ ni èyí tí ọwọ́ lè bù.

Àpẹẹrẹ: Ayé ń yí oòrùn ká. Ilẹ̀ mì tìtì. Ó bu erùpẹ̀ sínú ìkòkò.

Ẹ yẹra fún “ayé mì tìtì” bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé rògbòdìyàn ni ẹ ń sọ, nítorí pé ayé tún ń dúró fún àwọn ènìyàn àti ìgbésí ayé wọn. Níbi tí iyèméjì bá ti lè wà, “pílánẹ́ẹ̀tì Ayé”, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, yóò yanjú ọ̀rọ̀.

2. Oòrùn, oorun, òórùn

Oòrùn ń ràn. Oorun ń kun ni. Òórùn ń ta sí ni nímú. Lẹ́tà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, mo jẹ́ kí ó yọ gbogbo àmì ohùn dànù, kí ó lè yára. Ẹni tó wá “oòrùn” bẹ̀rẹ̀ sí í rí àpẹẹrẹ nípa ẹni tó sùn àti nípa ẹja tó rà. Mo tún un ṣe: bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ bá fi àmì sí i, ètò náà gbọ́dọ̀ ka àmì náà sí. Olùtumọ̀ tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ń gbé irú ìṣòro yìí kan náà lé ọmọ iléèwé lọ́wọ́.

3. Pòòyì àti yí ká

Ayé ń rin ìrìn méjì. Ó ń pòòyì lójú kan, bí òkòtó tí ọmọdé ta. Èyí ni ó ń fa ọ̀sán àti òru, ó sì ń gbà á ní nǹkan bí wákàtí 24. Lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń yí oòrùn ká. Èyí ni ọdún, ó sì ń gbà á ní nǹkan bí ọjọ́ 365 àti ìdámẹ́rin ọjọ́ kan. Ìdámẹ́rin yẹn ni a ń kó jọ tí oṣù Kejì fi ń ní ọjọ́ 29 ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin.

“Ayé ń yí” nìkan kò tó, nítorí pé ó lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ sọ ohun tí ayé ń yí ká, tàbí kí ẹ lo pòòyì.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí á pa “oòrùn yọ” àti “oòrùn wọ̀” tì? Rárá. Ohun tí ojú rí ni wọ́n ń ròyìn, inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń sọ ohun tó fà á, ẹ kọ ọ́ báyìí: Ayé ń pòòyì láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ìdí nìyí tí a fi ń rí oòrùn ní ìlà-oòrùn láàárọ̀.

4. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ‘summer’

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀, ó sì burú ju ìyókù lọ. Ní London, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni ìgbà ooru. Ní oṣù Kẹfà kan náà, òjò ni ó ń rọ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé sí Ìbàdàn ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá, tí ọyẹ́ tẹ̀ lé e, òtútù ni ó wà ní London. Ọmọ tó ka “ẹ̀ẹ̀rùn” nínú ìwé tí a kọ nípa London yóò gbé oṣù sí òdìkejì.

Ohun tó ń fa ìgbà ooru àti ìgbà òtútù ni pé ayé kò dúró ṣánṣán. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 23.5. Ìdajì ayé tó bá fì sí ìhà oòrùn ń gba ìmọ́lẹ̀ tààrà, ọ̀sán rẹ̀ sì ń gùn. Kì í ṣe pé ayé súnmọ́ oòrùn: ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni ó ń súnmọ́ ọn jù lọ, nígbà tí òtútù ń mú ní London.

Fífì yìí kan náà ni ó ń darí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn wa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e wá. Afẹ́fẹ́ tútù ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀, ti gbígbẹ sì ń ti aginjù Sàhárà bọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé ń tẹ̀ lé oòrùn lọ sí àríwá àti gúúsù.

Ìmọ̀ràn: ẹ lo “ìgbà ooru” fún ‘summer’ àti “ìgbà òtútù” fún ‘winter’, ẹ fi ẹ̀ẹ̀rùn, òjò àti ọyẹ́ sílẹ̀ fún ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀.

5. Oṣù lé, òṣùpá àti àgùàlà

Òṣùpá ni ohun tí à ń wò lójú ọ̀run. Oṣù ni àkókò tí ó fi ń ṣe àyípo rẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ láti ìgbà tó lé títí di ìgbà tó tún lé. Àkíyèsí pàtàkì: “oṣù lé” kì í ṣe ‘new moon’ ti àwọn onísáyẹ́ǹsì. Tiwọn ni ọjọ́ tí òṣùpá kò hàn rárá. Oṣù lé ni ìgbà tí a kọ́kọ́ rí i tín-ín-rín ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó, nítorí pé ọjọ́ tí òṣùpá kò hàn nìkan ni ó lè bo oòrùn lójú wa, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí ọ̀sán ṣókùnkùn ní apá kan Gánà, Tógò, Bìní àti Nàìjíríà. Òjìji ayé ní tirẹ̀ kì í bo òṣùpá àfi nígbà tí òṣùpá bá kún. Òjìji yìí kọ́ ni ó ń sọ òṣùpá di tín-ín-rín lóṣooṣù. Apá tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bà, tó sì kọjú sí wa, ni à ń rí.

Àwọn àgbà sọ pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù, kì í sì í ṣe ìràwọ̀: pílánẹ́ẹ̀tì ni, bí Ayé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó sì fi ń tàn. Ẹ kọ “àgùàlà” fún Venus láìbẹ̀rù, kí ẹ má sì pè é ní ìràwọ̀ níbi tí ẹ ti ń ṣàlàyé fún ọmọ ohun tí ìràwọ̀ jẹ́.