Ọmọ Ogun Tí Ó Padà Sílé

Bí ogun bá parí, tí ọmọ ogun kan padà sílé, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ǹjẹ́ a lè sọ pé ogun kò ṣe é ní nǹkan kan?

Ìtàn kúkúrú kan tí Ernest Hemingway, ará Amẹ́ríkà, kọ dá ìbéèrè yìí lóhùn. "Soldier's Home" ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1925 ni ó jáde. Òǹkọ̀wé náà mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí ọta àgbá ṣe òun náà léṣe ní Ítálì ní ọdún 1918, níbi tí ó ti ń bá ẹgbẹ́ Red Cross ṣiṣẹ́. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 19.

Krebs ni ọmọ ogun inú ìtàn náà. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti jagun, ṣùgbọ́n ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1919 kí ó tó dé sí ìlú rẹ̀ ní Oklahoma. Àwọn ará ìlú ti yọ̀ mọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ dé títí ó fi sú wọn. Ìròyìn ogun ti kún wọn létí. Òtítọ́ lásán kò dùn mọ́. Kí wọ́n lè gbọ́ tirẹ̀, Krebs bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Irọ́ náà kò tilẹ̀ tóbi: ohun tí ẹlòmíràn ṣe ni ó ń sọ pé òun ni òun ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí ó ti ṣe ohun tí ó yẹ ọkùnrin lójú ogun, tí ìrántí wọn máa ń tù ú nínú. Irọ́ yẹn ba ìrántí náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ kò ní gbọ́ ìró ìbọn kan nínú ìtàn yìí. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dójú ẹ̀. Ìyá Krebs jókòó tì í, ó ń bi í léèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe. Krebs ń wo ọ̀rá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bí ó ti ń dì nínú àwo. Ìyá béèrè bóyá ó fẹ́ràn òun. Ó ní rárá, òun kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni.

Háà! Bí ọmọ kan bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láàrin wa, a ó ní nǹkan ni ó ń ṣe é. Nǹkan sì ni ó ń ṣe Krebs. Àwọn dókítà ti mọ irú àìsàn ọkàn tí ogun ń fà. Ní ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fún un ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní. Hemingway kò pe orúkọ àìsàn kankan. Àwo oúnjẹ ni ó fi hàn wá.

Ìyá sunkún. Krebs tún purọ́ láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyá ní kí ó kúnlẹ̀ kí ó gbàdúrà. Ó kúnlẹ̀, àdúrà kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan lè pè é ní ọ̀lẹ àti aláìmoore. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àánú ìyá rẹ̀ ṣe é. Ó pinnu pé òun yóò lọ wá iṣẹ́ ní Kansas City. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, ó lọ sí ọgbà ilé ìwé láti wo àbúrò rẹ̀ obìnrin níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù.