Hamlet tí kò kú: bí eré Faransé ṣe gba ìtàgé Amsterdam

Nínú Hamlet tí Ambrosius Justus Zubli tẹ̀ jáde lédè Dutch ní ọdún 1786, òǹwòran kò ní fojú kan iwin bàbá Hamlet. Hamlet nìkan ló ń rí i. Ọmọ Claudius, tó lọ́wọ́ nínú ikú bàbá Hamlet, ni Ophelia níbẹ̀. Kò sí àwọn agbẹ́sàréè tó ń ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí eré bá sì parí, Hamlet ṣì wà láàyè.

Zubli kọ́ ló yí i padà. Eré tí Jean-François Ducis, ará Faransé, kọ ní 1769 ló túmọ̀. Ducis alára kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí Shakespeare fi kọ Hamlet. Ìtumọ̀ Faransé tí ẹlòmíràn ṣe ló kà kó tó kọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òkun tóóró ló wà láàárín England àti Nẹ́dálándì.

Kí ló wá gbé Shakespeare gba Paris? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1669, Lodewijk Meyer, Andries Pels àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Nil Volentibus Arduum sílẹ̀ ní Amsterdam. Ẹ̀jẹ̀, ariwo àti àrà olówó ńlá lórí ìtàgé ti sú wọn. Ìlànà Faransé ni wọ́n fẹ́: ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ibì kan, ọjọ́ kan, kí ìpànìyàn sì wáyé níbi tí ojú ò tó, kí ẹnì kan wá ròyìn rẹ̀. Wọ́n túmọ̀ eré Faransé lọ́pọ̀lọpọ̀. Ibi tí wọ́n bá rò pé òǹkọ̀wé ti kùnà, wọ́n á tún un ṣe.

Owó náà tún wà níbẹ̀. Ilé eré Amsterdam, tí wọ́n ṣí ní 1638, ló ń pawó fún ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí àti ilé àwọn bàbá arúgbó nílùú náà. Àwọn ará ìlú kan náà ló sì ń wá wòran, eré kan kò lè pẹ́ kó tó sú wọn. Tuntun gbọ́dọ̀ máa jáde, àwọn ará Faransé sì ní in ní yanturu.

Èmi kò gbà pé ọ̀lẹ ló ń túmọ̀. Sybrand Feitama fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ sọ àwọn eré bíi Brutus àti Alzire ti Voltaire, ará Faransé, di ewì Dutch, ìlà lórí ìlà, pẹ̀lú ohùn tó dọ́gba lópin ìlà, ó sì ń tún un gbẹ́ léraléra kó tó gbé e jáde. Akéwì gidi ni. Pieter Langendijk náà ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín tirẹ̀ lásìkò kan náà, nítorí náà ilẹ̀ náà kò ṣàìní òǹkọ̀wé.

Lálẹ́ 11 oṣù Karùn-ún 1772, iná mú ilé eré Amsterdam nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Èèyàn 18 kú. De Deserteur, eré olórin tó ti Faransé wá, ló wà lórí ìtàgé. Wọ́n ṣí ilé tuntun ní Leidseplein ní 1774, eré Lucretia van Merken, ọmọ ìlú náà, ni wọ́n sì fi ṣí i.

Láti 1778, ìtumọ̀ Shakespeare mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí wọ́n gbé ka iṣẹ́ Eschenburg ará Jámánì, ṣùgbọ́n fún kíkà ni. Ti Ducis ló ń gun orí ìtàgé. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, eré òǹkọ̀wé Kotzebue ti dé láti Jámánì, òǹwòran sì ń wọ́ tẹ̀lé eré rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ wuuru, tí kò béèrè irú ewì tí Feitama fi ayé rẹ̀ gbẹ́.