Ìmọ́lẹ̀ ni Baba Fọ́tò

Fọ́tò kan ṣoṣo ni ó kù fún wa tí ó jẹ́ ti ìyá mi àgbà. Inú yàrá ni a ti yà á. Ó jókòó lórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, oòrùn ọ̀sán sì ń ràn lóde. Ẹni tí ó bá wo fọ́tò náà yóò rí àgbàlá kedere, yóò sì lè ka iye adìẹ tí ń jẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìyá àgbà dúdú bí ìdí ìkòkò. A kò mọ̀ bóyá ó rẹ́rìn-ín tàbí kò rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ti lọ, àtúnyà kò sì sí mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ dáhùn díẹ̀ nínú ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè nípa fọ́tò yíyà.

Ìbéèrè kìíní ni pé, báwo ni fọ́tò ṣe ń wáyé? Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ti ara ohun tí à ń yà wọ inú ẹ̀rọ, tí ó sì ń fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1839, nígbà tí a fi iṣẹ́ Daguerre, ará ilẹ̀ Faransé, han gbogbo ayé, ẹni tí a bá ń yà ní láti dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lónìí, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, iṣẹ́ ti parí.

Ìkejì, kí ni ó mú kí ojú ènìyàn dúdú ní ọ̀sán gangan? Ojú wa lè rí ibi tí ó mọ́lẹ̀ àti ibi tí ó ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ lẹ́yìn ẹni náà, ẹ̀rọ yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú yóò sì ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ kí ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Oòrùn àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù, nítorí pé ti ọ̀sán a máa fi òjìji sí kòtò ojú.

Ìkẹta, èéṣe tí fọ́tò fi ń rí bàìbàì? Bóyá ọwọ́ ayàwòrán ni ó gbọ̀n, bóyá ẹni tí a ń yà ni ó mira. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìhà, kí ẹ sì rọra tẹ ẹ̀rọ. Fún ọmọ tí ń sáré, ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé kò ní pọ̀, nítorí náà ẹ ṣí ihò ẹ̀rọ sí i. Ẹ rántí pé ihò tí a kọ 2 sí tóbi ju èyí tí a kọ 16 sí lọ.

Ìkẹrin kan àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Èéṣe tí ojú ọkọ ìyàwó tí ó wọ agbádá funfun fi ń dúdú jù? Ẹ̀rọ a máa ka ohun gbogbo sí ohun tí kò funfun, tí kò sì dúdú. Bí ó bá rí aṣọ funfun, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Ojú ènìyàn ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe aṣọ.

Ẹ̀rọ olówó iyebíye kò lè ṣe èyí fún ẹni tí kò fi ojú sílẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bí ẹni tí ó ya ìyá àgbà bá ti ní kí ó yí àpótí rẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà ni, àwọn ọmọ mi ì bá mọ ojú rẹ̀ lónìí.