Awọ Tó Wà Lórí Ọ̀pá

Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ní Niangon, ní Yopougon tó wà lábẹ́ Abidjan, ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lu bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn maquis, ìyẹn ilé oúnjẹ àti ọtí wọn. Ohun tí àwọn ọmọ wa nílé ń pè ní snúkà, billard ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n sọ Abidjan di ilé kejì sì mọ̀ ọ́n ní orúkọ méjèèjì. Ẹyọ owó á wọlé, bọ́ọ̀lù á já bọ́ sísàlẹ̀, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí ariwo máa ń tìtorí rẹ̀ sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á tẹ̀ ba, á fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù funfun, bọ́ọ̀lù náà á lọ kọ lu èyí tó wà níwájú, á dúró díẹ̀, á sì padà wá bá ẹni tó gbá a bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi fà á. Rétro ni wọ́n ń pè é. Ọba Louis Kẹrìnlá ti Faransé fẹ́ràn eré yìí gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí wọ́n ń lò láyé rẹ̀ kò lè ṣe irú rẹ̀.

Igi lásán ni orí ọ̀pá nígbà náà. Igi líle pàdé bọ́ọ̀lù eyín erin tó ń dán, yíyọ̀ ló kù. Ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ bá fi àárín bọ́ọ̀lù sílẹ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀lù á gba ibi tí kò rán an lọ, nítorí náà àárín gbùngbùn ni gbogbo wọn ń gbá.

Ẹlẹ́wọ̀n ló yí i padà. François Mingaud ni orúkọ rẹ̀, kápítéènì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé, tí wọ́n bí ní Le Cailar nítòsí Nîmes ní ọdún 1771. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n ní Paris. Tábìlì billard wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ níbẹ̀, àkókò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé awọ kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀pá, ó fá etí rẹ̀ kó lè rí roboto, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí kí ó fi díẹ̀ lé e, ni ọ̀pá fi máa ń kan bọ́ọ̀lù. Láàárín ìwọ̀nba yẹn, igi á yọ̀. Awọ á tẹ̀ díẹ̀, á di bọ́ọ̀lù mú, á sì yí i. Kápítéènì wa wá lè gbá òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí bọ́ọ̀lù sì ṣe ohun tó bá fẹ́.

Ọdún 1807 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn oníbillard máa ń sọ pé ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sí i lẹ́wọ̀n kí òun lè parí ohun tí òun ń dán wò. Mi ò lè búra sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ọkùnrin tó gbàgbé oúnjẹ alẹ́ nídìí tábìlì kò ní jiyàn. Nígbà tó jáde, ó ń fi ọgbọ́n rẹ̀ han àwọn èèyàn káàkiri, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Noble jeu de billard, jáde ní Paris ní 1827. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, John Thurston tó ń ṣe tábìlì ní London tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Awọ nìkan kò tó o. Bó bá ti dán, òun náà á máa yọ̀. Láti ìgbà ọ̀pá onígi ni àwọn kan ti ń fi orí ọ̀pá ha ògiri tí wọ́n fi ẹfun rẹ́ kó lè di nǹkan mú. Ní ìlú Bath ní England, wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jack Carr ń ta ẹfun nínú páálí kékeré, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n gbà pé ẹfun náà ló ń yí bọ́ọ̀lù. Ẹfun tí kò ní oògùn kankan nínú ni. Oníṣòwò gidi. Ní oṣù Kẹta ọdún 1897 ni William Spinks, ògbóǹtarìgì nídìí tábìlì ní Amẹ́ríkà, àti William Hoskins, onímọ̀ kẹ́míkà ní Chicago, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ṣọ́ọ̀kì tiwọn. Láti ìgbà náà, ohun aláwọ̀ búlúù tí à ń fi pa orí ọ̀pá kì í ṣe ẹfun mọ́. Silica, irú èròjà tó wà nínú iyanrìn, ni wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú corundum, òkúta líle tí wọ́n fi ń bó irin.

Ṣé ibi gbogbo lára bọ́ọ̀lù ni a wá lè gbá? Rárá o. Gaspard-Gustave de Coriolis, ẹni tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń dárúkọ bí wọ́n bá ń ṣàlàyé ìdí tí ìjì fi ń yí, kọ odidi ìwé ìṣirò lórí billard ní 1835. Ó rí i pé ìdajì ọ̀nà láti àárín bọ́ọ̀lù sí etí rẹ̀ ni yíyí ti ń pọ̀ jù lọ. Bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà fẹ̀ tó 57 mm, nítorí náà nǹkan bí 14 mm péré ni èèyàn lè kúrò ní àárín. Àwọn tó ń wá effet, ìyẹn yíyí bọ́ọ̀lù, létí bọ́ọ̀lù ń fi agbára ṣòfò ni.

Bọ́ọ̀lù náà ní ìtàn tirẹ̀, ó sì kan ilẹ̀ tí Niangon wà. Eyín erin wà lára ohun tí àwọn òyìnbó oníṣòwò ń wá bọ̀ sí etíkun yẹn títí wọ́n fi fi sọ ọ́ lórúkọ, bọ́ọ̀lù billard sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi eyín erin ṣe káàkiri ayé. Bọ́ọ̀lù díẹ̀ ni eyín kan lè mú jáde. Bí ojú ọjọ́ bá sì yí padà, á sán, tàbí kí ó má rí roboto mọ́. Nígbà tí eyín erin wọ́n jù, ilé iṣẹ́ Phelan àti Collender ní Amẹ́ríkà ṣèlérí $10,000 fún ẹni tó bá rí àrọ́pò. John Wesley Hyatt gbìyànjú títí ó fi dé orí celluloid, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1870. Hyatt fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọlọ́tí kan ní Colorado kọ̀wé sí òun: bọ́ọ̀lù náà máa ń bú gbàù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bó bá kọ lu èkejì, kò sì dun òun, àfi pé gbogbo ọkùnrin tó wà nínú yàrá ló ń fa ìbọn yọ. Èyí tí à ń gbá lónìí wá láti ìdí iṣẹ́ Leo Baekeland, ọmọ Belgium, tó ṣe Bakelite ní 1907. Kì í bú, kì í sì í sán bọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ eré yìí sí i lónìí, ọjà ti pọ̀ jù fún un. Ọ̀pá wà tí wọ́n dín ìwúwo iwájú rẹ̀ kù, kí bọ́ọ̀lù funfun má baà yẹ̀ bí a bá gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni irú rẹ̀ ti gbòde, iṣẹ́ gidi ló sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó eré. Efren Reyes ti Philippines, tó gba ife àgbáyé nine-ball ní Cardiff ní 1999, orí àpótí Coca-Cola ló ń dúró sí nígbà tó wà lọ́mọdé kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó tábìlì. Ní tèmi, kí ẹni tó ń lo ọ̀pá maquis kọ́kọ́ wo awọ. Bó bá ti pẹlẹbẹ tó sì ń dán, kí ó fi sáńpépà fá a títí yóò fi yọ roboto díẹ̀, kí orí rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka kí ṣọ́ọ̀kì lè dì mọ́ ọn. Kí ó wo bọ́ọ̀lù funfun náà. Lórí ọ̀pọ̀ tábìlì tó ń gba ẹyọ owó, ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀. Èyí tó kéré máa ń tètè padà bí a bá ṣe rétro. Èyí tó wúwo á máa ṣagídí. Ẹni tó bá ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, tí rétro rẹ̀ kọ̀, kí ó tó bá ọwọ́ rẹ̀ jà, kí ó yẹ bọ́ọ̀lù wò.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Fún ọwọ́, ìdánwò àtijọ́ kan wà tí kò ná èèyàn ju ẹyọ owó tábìlì lọ: kí ó gbé bọ́ọ̀lù funfun sí àárín, ní ìpẹ̀kun tábìlì tó dúró sí, kí ó gbá àárín gbùngbùn rẹ̀ lọ tààrà sí etí tábìlì níwájú, kí ó má sì gbé ọ̀pá kúrò níbi tó dúró sí. Ó yẹ kí bọ́ọ̀lù náà padà wá kan orí ọ̀pá. Bó bá yà sí ọ̀tún, kí ó lọ dúró ní òdìkejì tábìlì, kí ó gbá a láti ibẹ̀. Bó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé kan náà bíi ti àkọ́kọ́, tábìlì ló dagun. Ọ̀tún ẹni tó ń gbá a ló bá tún yà sí, ọwọ́ rẹ̀ ni.