Irin Inú Ẹ̀jẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí ń Fi Ara Rẹ̀ Dán Oògùn Wò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní Ìlọ́fà àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká, obìnrin kan lè ṣàkíyèsí pé irun òun ń já mọ́ òòyà, àti pé bí òun bá ń gun òkè, àyà òun a máa lù kì kì. Yóò lọ sí ọ̀dọ̀ olóògùn, yóò ra oògùn irin, yóò máa lò ó ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, yóò sì máa wo dígí bóyá irun ti ń hù. Òun ni oníṣègùn, òun náà ni aláìsàn. A kò bá a wí, nítorí ẹni tí ara ń ni ní í wá ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ kí ó tó gbé oògùn sẹ́nu: níbo ni ẹ̀jẹ̀ òun ń gbà lọ?

Irin tí ó wà nínú ara àgbàlagbà kò ju nǹkan bí gíráàmù 3 sí 4 lọ, bí ìṣó kékeré kan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, níbi tí ó ti ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Bí irin bá dínkù, afẹ́fẹ́ tí ó dé inú iṣan kì yóò tó, agbára yóò sì tán kí iṣẹ́ tó tán. Gbòǹgbò irun pẹ̀lú lè jìyà, nítorí ó wà lára àwọn ohun tí ń yára dàgbà jùlọ nínú ara.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo irun tí ń re ni àìtó irin ń fà. Ìyá ọlọ́mọ lè rí i ní oṣù 2 sí 4 lẹ́yìn ìbímọ pé irun òun ń re. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ibà líle dá dùbúlẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Irun bẹ́ẹ̀ a sábà máa hù padà fúnra rẹ̀. Irun tí a ń dì le koko a máa ba gbòǹgbò irun iwájú orí jẹ́, oògùn irin kò sì lè tú irun tí a dì le. Irun kì í sì í hù ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 lọ ní oṣù kan. Bí irun ìyá ọlọ́mọ bá kún lẹ́yìn oṣù 6 tí ó ti ń lo oògùn, ta ni yóò sọ bóyá oògùn ni ó ṣe é, tàbí ọjọ́ tí ó ń gorí ọjọ́? Àdánwò tí kò ní òṣùwọ̀n kò lè jẹ́rìí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti fi ara wọn dán nǹkan wò, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert McCance àti Elsie Widdowson a máa wọn ohun tí ó wọ inú ara àti ohun tí ó jáde. Síbẹ̀, nígbà kan tí wọ́n gún ara wọn ní abẹ́rẹ́ strontium, àìsàn líle kọlu àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1937, iṣẹ́ wọn lórí irin fi hàn pé ara kò ní ilẹ̀kùn tí ó fi ń lé àpọ̀jù irin jáde. Ẹnu ọ̀nà ìwọlé nìkan ni ó ń ṣọ́. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ti rí i pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ránṣẹ́ sí ìfun láti ti ilẹ̀kùn náà. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Switzerland fi hàn pé obìnrin tí irin rẹ̀ dínkù a máa rí irin gbà jù nínú oògùn tí ó lò lónìí tí ó sì fo ọ̀la, ju èyí tí ó ń lò lójoojúmọ́ lọ. Ẹni tí ó sọ oògùn di ìlọ́po méjì kò sọ èrè rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá. Nǹkan oṣù tí ó pọ̀ jù, aràn tí ń so mọ́ ìfun mu ẹ̀jẹ̀, ibà, àti ọgbẹ́ inú ikùn, gbogbo wọn ní í jí ẹ̀jẹ̀ gbé. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí ìyá àgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, ni irin rẹ̀ ń dínkù, ó yẹ kí a fura pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ìfun. Oògùn irin a sì máa sọ ìgbọ̀nsẹ̀ di dúdú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ń dà nínú ikùn náà. Oògùn lè tipa bẹ́ẹ̀ bo olè mọ́lẹ̀.

Àwọn kan sì wà tí irin ti pọ̀ jù nínú ara wọn, bí àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí a ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára nígbà púpọ̀. Ẹ má sì ṣe pín oògùn yín fún ọmọ. Ní erékùṣù Pemba ní ìlà-oòrùn Áfríkà, níbi tí ibà ti pọ̀ nígbà náà bí ti ọ̀dọ̀ wa, a fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní irin àti folic acid. Ìròyìn tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 sọ pé àwọn tí ó kú tàbí tí a gbé wọ ilé ìwòsàn pọ̀ láàrin wọn ju láàrin àwọn tí a kò fún lọ. Hóró oògùn àgbàlagbà tí ó wọ́pọ̀ ní irin mílígíráàmù 65 nínú; hóró 10 lè pa ọmọ tí ó wọn kílógíráàmù 10. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Obìnrin tí kò lóyún, tí òṣùwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó 12, aboyún tí tirẹ̀ kò tó 11, àti ọkùnrin tí tirẹ̀ kò tó 13, ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Kí a tún bèèrè fún àyẹ̀wò ferritin, èyí tí í fi irin tí ara kó pamọ́ hàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọjọ́ tí ibà wà lára, nítorí ibà a máa gbé e ga. Bí oníṣègùn bá fún wa ní oògùn, kí a lò ó pẹ̀lú ọsàn, kì í ṣe pẹ̀lú tíì, kí a sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn bí oṣù kan. Kí aboyún má ṣe torí ọ̀rọ̀ wa pa oògùn tirẹ̀ tì: Àjọ Ìlera Àgbáyé fi mílígíráàmù 30 sí 60 lójoojúmọ́ lélẹ̀ fún un. Ẹ̀dọ̀ ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ọjà wa pẹ̀lú ní irin nínú.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Owó àyẹ̀wò lè dàbí ẹni pé ó pọ̀ ju owó oògùn lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí a bá orísun àìsàn rẹ̀ ní àkókò yóò rí agbára rẹ̀ gbà padà, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì rí i.