Bí Ọkọ̀ Bá Dúró Sókè Ńkọ́?

Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ìdílé yín tí kì í fẹ́ wọ ẹ̀rọ agbéniròkè, tó yàn láti fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹfà? Àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń já gidigidi bí ìdílé bá ń múra àtilọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá. Kì í ṣe àwọn eré tí ń yí biribiri níbẹ̀ ló ń dẹ́rù bà á, bí kò ṣe ọkọ̀ tí ń gbé èrò láti apá kan ọgbà lọ sí apá kejì. Ohun tó ń rò ni pé: “Bó bá dúró sókè, tí n kò sì lè jáde ńkọ́?” Àwọn kan nínú ilé á fi rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á ní àìnígbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yìí kì í ṣe ohun ẹ̀rín, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ó Ti Ṣẹlẹ̀ Rí

Ní Walt Disney World, ní ìpínlẹ̀ Florida, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí ọkọ̀ orí wáyà kan tí wọ́n ń pè ní Disney Skyliner ní September 29, 2019. Ọkọ̀ náà dà bí yàrá kékeré onífèrèsé. Èèyàn 10 lè jókòó sínú ọ̀kan, wáyà irin tó nípọn ló sì ń fà á kọjá lókè. Ó so ọgbà Epcot àti Hollywood Studios pọ̀ mọ́ àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wàhálà fi dé. Ní alẹ́ October 5, ọkọ̀ náà dúró pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀. Àwọn kan wà lókè fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Àwọn panápaná ló lọ gbé àwọn mìíràn sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Wọ́n dá iṣẹ́ ọkọ̀ náà dúró, wọ́n ṣàtúnṣe, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní October 14.

Kí Ní Ń Mú Un Dúró?

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń rò pé bí ọkọ̀ bá ti dúró, wáyà fẹ́ já nìyẹn. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, wáyà kì í dúró rárá. Bí ọkọ̀ kan bá dé ibùdó, yóò jọ̀wọ́ wáyà, yóò máa rọra rìn kí èrò lè sọ̀ kí àwọn mìíràn sì wọlé, lẹ́yìn náà yóò tún di wáyà mú. Bí ọ̀kan kò bá tètè kúrò lọ́nà, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ dúró kí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa kọ lù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí mànàmáná bá ń kọ tàbí tí ìjì líle bá dé. Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, dídúró yẹn gan-an ni ààbò èrò.

Ẹ Múra Sílẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí tọmọdé tàgbà tọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ mú omi dání, àti oògùn ẹni tó bá ń lo oògùn. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú Skyliner. Afẹ́fẹ́ ìrìn rẹ̀ ló ń mú un tutù, nítorí náà yóò móoru bó bá dúró lọ́sàn-án gangan. Bó bá dúró, ẹ má ṣe fi agbára ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa mì í.

Bí Ẹ̀rù Bá Gbé E

Ọkàn rẹ̀ lè máa lù kìkì, kí òógùn bò ó, kó dà bíi pé kò rí èémí mí. Irú ìpayà yìí kì í sábà ju ìṣẹ́jú 10 lọ kó tó dé góńgó, lẹ́yìn náà yóò máa rọlẹ̀. Kí ó mí sínú títí yóò fi ka 4, kí ó sì rọra mí jáde títí yóò fi ka 6. Kí ẹni tó jókòó tì í di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Kí ló ń dẹ́rù bà ọ́ níbí?” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.

Ẹni tó bá fẹ́ borí ẹ̀rù náà lè ṣe é díẹ̀díẹ̀: kí ó kọ́kọ́ dúró nísàlẹ̀ wò ó, kí ó wọ̀ ọ́ dé ibùdó kan péré lọ́jọ́ mìíràn, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ̀rù náà bá ti ń dí i lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ tàbí ìrìn àjò, kí ó lọ rí dókítà. Ìtọ́jú wà fún un.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ má fi tipátipá ti ẹnikẹ́ni wọlé. Ọ̀nà mìíràn wà. Bọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ ní Walt Disney World. Ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì wà láàárín Epcot àti Hollywood Studios. Kí ẹni kan bá a gba ìsàlẹ̀, kí àwọn tó kù gba òkè, kí ẹ sì pàdé ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ìgbádùn ìdílé kò ní dín kù nítorí ìyẹn.