Ẹyẹlé tí wọ́n tú sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó, ilé ta ló ń lọ?

Ọ̀rọ̀ ẹyẹlé la gbé wá lónìí.

Mo lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Àjàṣẹ́. Bí ọkọ àti ìyàwó ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan fún wọn, ẹyẹ funfun méjì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣí i, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, oníkálukú ń fi fóònù ya fọ́tò. Ọ̀kan fò lọ bà lé orí páànù. Èkejì kò lè fò, abẹ́ mọ́tò ló sá wọ̀. Màmá àgbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi béèrè pé: "Ilé ta ni ẹyẹ yìí máa sùn lálẹ́ òní?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọjà ni wọ́n ti rà wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn tó ń sọ Faransé ń pe ẹyẹ ìgbéyàwó yẹn ní "colombe", àwa náà sì máa ń pè é ní àdàbà. Ṣùgbọ́n ẹyẹlé funfun ni. Àdàbà ló ni igbó, òun ni àwọn àgbà sọ pé kò náání à ń kùngbẹ́: iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí. Ẹyẹ ilé ni, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi í wúre fún ọmọ tuntun àti fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, tí àwọn tó ń bọ orí náà sì ń lò ó. Nínú Bíbélì pàápàá, nígbà tí ẹyẹ Nóà kò rí ibi fẹsẹ̀ lé, inú ọkọ̀ ló padà sí.

Ẹni tó bá ń sin ẹyẹlé mọ ìdí tó fi yẹ tọkọtaya. Ẹyin méjì ló máa ń yé. Akọ ń sàba, abo ń sàba, fún bí ọjọ́ 18. Tí ọmọ bá jáde, àwọn méjèèjì ló ń pọ ohun kan bíi wàrà láti ọ̀fun wọn fún un. Ẹ wá ra àgbà ẹyẹlé lọ́jà, kí ẹ tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ó rí i pé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ló máa fẹ́ padà sí. Ìjà ẹyẹlé kò ṣàjèjì lábúlé wa! Àfi kí ẹ sé e mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ máa fún un lọ́kà, kó tó gbà pé ilé òun nìyí.

Èyí tí kò mọ̀nà ńkọ́? Funfun rẹ̀ ni àwòdì máa kọ́kọ́ rí. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kínní ọdún 2014, àwọn ọmọdé méjì tú ẹyẹ funfun méjì sílẹ̀ lójú fèrèsé Póòpù Francis ní Róòmù. Kannakánná kan àti ẹyẹ etíkun kan kọlù wọ́n lójú gbogbo èrò. Ní ọdún 1988, níbi ìṣíde eré Òlíḿpíìkì ní Seoul, iná jó díẹ̀ nínú àwọn ẹyẹlé tí wọ́n tú sílẹ̀.

A ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é o. Ẹni tó bá wù, kó lọ bá ẹni tó ń sin ẹyẹlé nítòsí, kó sanwó, kó yá méjì tó lè fò dáadáa. Kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní gbangba, kì í ṣe lábẹ́ àtíbàbà, nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè tí òjò kò sì ṣú. Wọ́n á ti délé kí àwọn àlejò tó jẹ ìrẹsì tán.

Nígbà tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, mo rí màmá àgbà náà tó ti fi ìborùn wé ẹyẹ abẹ́ mọ́tò. Ó ní ilé ẹyẹlé wà lẹ́yìnkùlé òun, abo kan tí akọ rẹ̀ kú sì wà níbẹ̀. Ó ní òun ń lọ wò ó bóyá akọ ni èyí.